Wọ́n Fẹ́ Fi Mí San Owó Òrùlé

Òrùlé tí ó wà lórí ilé bàbá mi ní Ṣakí títí di òní yìí, èmi ni wọ́n fẹ́ fi san owó iṣẹ́ rẹ̀. Mo ti dàgbà, mo ti bímọ, mo ti rí ọmọ ọmọ, síbẹ̀ tí mo bá wà nínú ilé náà tí òjò ń lu páànù, inú á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Àwọn àbúrò mi a máa sọ pé kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, pé ó ti pẹ́. N kì í bá wọn jiyàn. Kì í ṣe àwọn ni wọ́n fẹ́ fà lé káfíńtà lọ́wọ́.

Bàbá mi kì í ṣe tálákà. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, nítorí pé ohun tí ó máa ń yá lẹ́nu àwọn tí mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ni pé bóyá kò rí owó san ni. Ó rí owó. Ó wà lára àwọn tí wọ́n lé kúrò ní Gánà, ṣùgbọ́n kò wálé lọ́wọ́ òfo. Ní àkókò tí mò ń wí yìí, ní ìparí àwọn ọdún 1970, èlùbọ́ ló ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ofiki àti Irawo, tí ó ń kó o lọ tà ní Ìbàdàn, ó sì ń jèrè. Ìlẹ̀kùn ojúde ilé tuntun náà, Ìbàdàn ló ti rà á bọ̀, gíláàsì aláwọ̀ ewé wà lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá lè ra ìlẹ̀kùn onígíláàsì lè san owó káfíńtà.

Ọmọ Ìgbẹ́tì ni káfíńtà náà. Ọ̀dọ́kùnrin ni, kò tíì ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, ó sì mọ iṣẹ́. Ó ti kan òrùlé ilé tíṣà kan ládùúgbò wa, bàbá mi rí i, ó ní irú rẹ̀ lòun fẹ́. Ẹ̀dẹ̀ wa ni wọ́n ti ṣe àdéhùn, ojú gbogbo wa ni. Wọ́n ná an títí iye owó fi dúró sójú kan. Bàbá mi ní òun yóò ra igi, òun yóò ra páànù, òun yóò ra ìṣó, owó iṣẹ́ ni yóò kù, òun yóò sì san án ní ọjọ́ tí páànù bá bo yàrá tí ó kẹ́yìn. Káfíńtà ní kò burú. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ ìwé. Tí ènìyàn bá gbé ìwé síwájú bàbá mi nígbà náà pé kí ó tẹ̀ka sí i, yóò bínú ni, yóò ní onítọ̀hún pe òun lólè.

Kí ẹni tí kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́, mo ní láti sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa iṣẹ́ owó àti ọ̀wẹ̀. Ẹni tí ó gba iṣẹ́ owó, ohun tí yóò jẹ kò kan onílé. Ó lè ra ẹ̀kọ, ó lè ru gààrí tirẹ̀ wá, owó rẹ̀ ni onílé jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n tí ènìyàn bá bẹ ọ̀wẹ̀, kò ní san owó kankan, oúnjẹ ni yóò sè, ó gbọ́dọ̀ pọ̀, ẹran sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀wẹ̀ tí ó tóbi jù ni ọ̀wẹ̀ àna. Ọkùnrin tí ó bá ń fẹ́ ọmọ ènìyàn yóò kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá, wọn yóò kọ ebè fún bàbá ìyàwó tàbí kí wọ́n bo ilé fún un, wọn yóò jẹ, wọn yóò mu, wọn yóò sì kí i pé ó dàárọ̀. Ẹni tí ó bá béèrè owó lẹ́yìn ọ̀wẹ̀ àna, àwọn ará ilé rẹ̀ gan-an ni yóò kọ́kọ́ fi ṣẹ̀sín.

Oúnjẹ ìyá mi ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Òwò òrí ni ìyá mi ń ṣe, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í dilẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè rí àlejò kí ó má bi í pé kí ló jẹ. Ilé tuntun wà lẹ́yìn ìlú, kò sí olóúnjẹ nítòsí. Nígbà tí ìyá mi gbọ́ pé gààrí ni káfíńtà ń rẹ mu ní ọ̀sán gangan, ó ní èèwọ̀, ọmọ ọlọ́mọ kò ní gun orí ilé òun pẹ̀lú ebi kí òòyì má lọ kọ́ ọ kí ó já lulẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gún iyán fún un. Èmi ni àkọ́bí, èmi ni mò ń gbé e lọ. Tí mo bá dé ìdí àkàbà, káfíńtà á wo ìsàlẹ̀, á ní, "Ìyàwó mi, o kú iṣẹ́." N kò kà á sí. Gbogbo ọkùnrin àdúgbò ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, títí dé orí bàbá arúgbó kan tí kò ní eyín kan ṣoṣo lẹ́nu mọ́.

Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé àwọn igi ńlá sókè, ọwọ́ káfíńtà nìkan kò ká a. Ó lọ sí Ìgbẹ́tì, ó kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bíi mélòó kan wá láti ràn án lọ́wọ́. Inú bàbá mi dùn, ó pa òbúkọ. Ìyá mi gún iyán, àwọn obìnrin ilé bá a gún un, àwọn ọmọ Ìgbẹ́tì jẹ, wọ́n dúpẹ́. Lẹ́yìn èyí ni Iléyá dé. Káfíńtà lọ bá àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣọdún, nígbà tí ó sì ń padà bọ̀ ó ru iṣu ńláńlá díẹ̀ wá fún wa pẹ̀lú ìgò oyin kan. Ó ti ń jẹun nínú ilé, kò fẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣánṣán wọlé. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ni. Bàbá mi gba iṣu, ó ṣàdúrà fún un tí ó gùn.

Iṣẹ́ parí. Òrùlé náà tọ́, kò sí ibi tí ó wọ́, ó ń kọ mànà nínú oòrùn.

Ní ọdún kan náà ni bàbá mi forúkọ sílẹ̀ láti lọ sí Mẹ́kà. Gbogbo owó tí ó yẹ kí ó wà fún káfíńtà, ibẹ̀ ló kó o sí. Èyí kì bá burú bí ó bá lè sọ ọ́ kí ó sì bẹ ọmọ ọlọ́mọ pé kí ó fún òun láyè. Ṣùgbọ́n lèmọ́mù ti wàásù, gbogbo wa la gbọ́ ọ, pé ẹni tí ó bá jẹ gbèsè kí ó san án kí ó tó gbéra. Ní ìlú wa, ẹni tí ó bá ń lọ yóò dúró níwájú mọ́sáláṣí, yóò bi àwọn ènìyàn bóyá òun jẹ ẹnì kankan. Bàbá mi kò fẹ́ jẹ gbèsè, kò sì fẹ́ san án. Ó wá ọ̀nà tí gbèsè náà kò fi ní jẹ́ gbèsè mọ́.

Ọjọ́ tí káfíńtà wá fún owó rẹ̀, mo wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dẹ̀, mò ń ku èlùbọ́.

"Bàbá, ẹ kú ilé," ni káfíńtà wí. "Ọ̀rọ̀ wa ni mo bá wá."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Owó òrùlé ni, bàbá."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Àna mi, jókòó. Ṣé àna ń gba owó lọ́wọ́ àna ni?"

Káfíńtà rò pé bàbá mi ń bá òun ṣeré ni. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó jókòó díẹ̀, ó sì lọ. Nígbà tí ó tún wá, ọ̀rọ̀ kan náà ló bá. Ẹ̀rín rẹ̀ ti dín kù. Ìgbà tí ó wá lẹ́yìn ìyẹn, kò jókòó mọ́. Ó wo bàbá mi títí, ó yí padà, ó lọ bá baálé agbo ilé wa.

Ẹ̀dẹ̀ baálé ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà, lẹ́yìn ìrun àṣárì. Àwọn àgbà ọkùnrin jókòó yí ká. Wọ́n ní kí wọ́n pe ìyá mi nítorí oúnjẹ, wọ́n sì ní kí wọ́n pe èmi náà. A kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ohun tí ó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé bàbá mi kò parọ́ kan. Ó ní lóòótọ́ ni àwọn sọ̀rọ̀ owó, lóòótọ́ sì ni iye tí káfíńtà dá. "Ṣùgbọ́n nígbà yẹn," ó ní, "oníṣẹ́ ni. Nígbà tí ó ń jẹun lọ́dọ̀ mi, tí ọmọ mi ń gbé oúnjẹ fún un, tí ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá, tí ó ru iṣu ọdún wá, ṣé oníṣẹ́ náà ni? Ẹ̀yin àgbà, ẹ dá a lóhùn."

Àwọn àgbà ń mi orí pé òótọ́ ló sọ. Títí mo fi máa kú, n kò ní gbàgbé bí wọ́n ṣe ń mi orí. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí mi wọ́ níwájú wọn lọ́jọ́ náà, àwọn gan-an ni wọ́n sì ń tì í.

Ọ̀kan nínú wọn kọjú sí káfíńtà. "Ta ló ń se oúnjẹ tí ò ń jẹ?"

"Ìyá ni."

"Ta ló ń gbé e wá?"

"Ọmọ yìí ni."

"Kín lò ń pè é?"

Káfíńtà wolẹ̀. "Ìyàwó mi. Ṣùgbọ́n eré ni, bàbá. Gbogbo ayé ló ń pè é bẹ́ẹ̀."

"Iṣu Iléyá ńkọ́? Eré náà ni?"

Ó ní òun ru iṣu wá nítorí pé òun jẹun nínú ilé, pé òun ní ìyàwó ní Ìgbẹ́tì, ó sì ti bímọ fún òun. Ó ní òun kò wá ìyàwó wá sí Ṣakí, òrùlé lòun wá kàn. Kí n má parọ́, bí ó ṣe yára sọ pé òun kò fẹ́ mi yẹn dùn mí díẹ̀, bẹ́ẹ̀ èmi náà kò fẹ́ ẹ. Bàbá mi ní, "Mùsùlùmí ni ọ́. Ààyè ṣì kù." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Mo ti yege ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ nígbà náà. Ìyá mi ti ra àpótí fún mi, mo ti ran aṣọ, oṣù tí ń bọ̀ ni mo máa wọlé. Gbogbo àwọn tí wọ́n jókòó síbẹ̀ ló mọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó wo apá ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ mi lọ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àpò èlùbọ́ tí ó ń dúró de mọ́tò.

Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá, mo ní ìbéèrè kan."

Baálé ní kí n bi í.

"Ṣé èmi ni owó òrùlé náà?"

N kò dúró gba èsì.

"Tí ó bá jẹ́ èmi ni wọ́n fi san án, a jẹ́ pé èmi ni mo ra òrùlé. Ẹ bá mi sọ fún bàbá mi kí wọ́n kó jáde lábẹ́ rẹ̀, kí n lè gbé e lọ sí Ìgbẹ́tì."

Bàbá mi dìde pẹ̀lú ìbínú, ìyá mi sì dìde sáàárín wa. Àwọn àgbà ní ilé-ìwé ti bà mí jẹ́. Baálé ní kí a mú ẹnu kúrò níbẹ̀, ó wá dá ẹjọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ náà jọ iṣẹ́ owó, ó sì jọ ọ̀wẹ̀ àna, nítorí náà kí bàbá mi san ìdajì owó, kí ìdajì tí ó kù wà nílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àna, kí ìfẹ́ lè wà. Ó dùn mọ́ ọn nínú pé òun ti parí ìjà. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo ń bi ara mi pé apá ibo lára mi ni ìdajì náà wà. Ṣé láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀ ni?

Káfíńtà ní òun kò gba ìdajì. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Bàbá, ọjọ́ tí ẹ bá dúró níwájú mọ́sáláṣí tí ẹ ń bi àwọn ènìyàn bóyá ẹ jẹ wọ́n ní gbèsè, n ó wà níbẹ̀."

"Máa bọ̀," ni bàbá mi wí. "Bí o bá dé, ojú gbogbo ìlú ni n ó ti fa ìyàwó rẹ lé ọ lọ́wọ́."

Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé kò ṣeré. Bí ó bá sọ ọ́ níwájú mọ́sáláṣí, tí lèmọ́mù àti gbogbo àwọn tí ń sìn ín lọ sí Mẹ́kà ń gbọ́, kò sí bí yóò ṣe kó o jẹ mọ́. Ìlú yóò sì gbè é lẹ́yìn, torí ta ni yóò dójú ti ẹni tí ń lọ sí ilẹ̀ mímọ́? Ìyá mi náà rí i.

Nígbà tí ó máa fi di ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, igbá òrí tí ìyá mi kó jọ láti tà nígbà tí ó bá wọ́n kò sí nílé mọ́. Ó ti tà wọ́n ní ìtàkútà fún àwọn Hausa oníṣòwò. Ó mú mi dání, a lọ sí ilé lèmọ́mù, ó ránṣẹ́ pe káfíńtà wá síbẹ̀. Ó ka gbogbo owó náà sílẹ̀, kò dín kọ́bọ̀.

Káfíńtà kò fọwọ́ kàn án. "Ìyá, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ jẹ mí."

"Mo mọ̀. Gbà á."

"Ìyá, oúnjẹ yín ni wọ́n fi mú mi. Bí mo bá mọ̀, ǹ bá máa mu gààrí mi."

Ìyá mi ní, "Gbà á, jọ̀wọ́, kí orúkọ ọmọ mi lè kúrò lórí páànù."

Ó gbà á. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá mi lórí ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó ara rẹ̀ ló gbà.

Ẹ ó rò pé ojú ti bàbá mi. Kò tì í. Nígbà tí ó gbọ́, ó bi ìyá mi pé ta ló rán an níṣẹ́, kò sì dá kọ́bọ̀ kan padà fún un láéláé. Ọjọ́ tí ó ń lọ sí Mẹ́kà, ó wọ aṣọ funfun, ó dúró níwájú mọ́sáláṣí, ó béèrè bóyá òun jẹ ẹnì kankan. Gbogbo ènìyàn dákẹ́. Ìyá mi wà lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn obìnrin, òun náà dákẹ́. Ó lọ, ó bọ̀, ó di Alhaji. Ìbòrí kan ló mú bọ̀ fún ìyá mi láti Mẹ́kà. Ìyá mi dúpẹ́, ó fi bo ẹnu ìkòkò òrí.

Mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́. Ó yẹ kí inú mi dùn, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, kò sí oníṣẹ́ kankan tí ó jẹ oúnjẹ ìyá mi mọ́. Bírikìlà wá ṣe ilẹ̀ ẹ̀dẹ̀, kànga wa gbẹ, àwọn agbẹ́kànga wá gbẹ́ ẹ, ebi ń pa wọ́n lójú ìyá mi, ó sì ń wò wọ́n. Owó oúnjẹ ló ń fún wọn, tí á sì wọlé lọ. Èyí ló dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bàbá mi kò san owó káfíńtà, ó tún gba ìlawọ́ lọ́wọ́ ìyá mi.

Ọdún bíi mélòó kan kọjá, mo di tíṣà. Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan láti Ìṣẹ́yìn ń fẹ́ mi, ó sì wá kí àwọn òbí mi. Àkókò tí òjò àkọ́rọ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni, ìjì ti ṣí páànù kan ní etí òrùlé, ó ń lù gbàgà gbàgà. Alhaji wo òkè, ó wo àlejò mi, ó rẹ́rìn-ín. "Àna mi, ṣé ẹ rí páànù yìí?"

Ọmọlúàbí ni ẹni tí ń fẹ́ mi, kò sì mọ nǹkan kan. Ó ti bọ́ agbádá rẹ̀, ó ti ń ká ṣòkòtò, ó ní òun yóò gun òkè lọ kàn án. Mo di àkàbà mú. Mo ní kí ó wọ agbádá rẹ̀ kí ó jókòó.

Káfíńtà ti ní ṣọ́ọ̀bù nínú ìlú nígbà náà. Èmi fúnra mi ni mo lọ pè é. Ó kí mi, "Tíṣà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Kò pè mí ní ìyàwó rẹ̀ mọ́. Nígbà tí a dé ilé, kí ó tó gbé ẹsẹ̀ lé àkàbà, mo ka owó iṣẹ́ rẹ̀ lé e lọ́wọ́ lójú Alhaji, lójú ìyá mi, lójú ẹni tí ń fẹ́ mi.

Bàbá mi ní, "Kín ni ìkánjú? Kò tíì ṣe iṣẹ́."

Mo ní, "Alhaji, owó ni mo fẹ́ kí ẹ rí."

Káfíńtà fi owó sápò, ó mú òòlù, ó gun òkè. Bí ó ṣe ń kan ìṣó àkọ́kọ́ ni mo gbọ́ ìró odó láti ẹ̀yìn ilé. Ìyá mi ń gún iyán.